Màmá Dinah Àṣìkẹ́ Ọ̀ṣunníyì, Ẹni Tí A Kì Í Pè Láti Ẹ̀yìn (1948–2020)

Ní Eggua, lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1948, ni a bí Màmá wa sí agboolé Ògúnníyì. Bàbá wọn, Olóògbé Alfred, jẹ́ katikísìtì; ìyá wọn, Olóògbé Àrìnpé, a máa dáko àgbàdo.

Wọ́n kàwé ní Eggua àti Ayétòrò, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Ìlaròó lọ́dún 1969, wọ́n sì fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe tíṣà. Láti kékeré ni òòyì ti ń kọ́ wọn bí wọ́n bá yí ọrùn sósì. Nítorí náà, bí a bá pè wọ́n láti ẹ̀yìn, wọ́n á dúró ná, wọ́n á wá fi gbogbo ara yí padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwa ọmọ náà sọ bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì ń tì wá báyìí.

Lọ́dún 1973, wọ́n fẹ́ Olóògbé Cornelius Ọ̀ṣunníyì. Nínú ìjọ, àga tó kẹ́yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má baà wà lẹ́yìn wọn.

Ọdún 2016 ni wọ́n ya àwòrán ọrùn àti orí wọn ní Abẹ́òkúta. Dókítà ṣàlàyé pé iṣan méjì ló yẹ kó gba inú egungun ọrùn gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ. Ti Màmá, ọ̀kan kò sí rárá láti inú oyún. Ẹyọ kan tó kù ni egungun ń fún pa bí wọ́n bá yíjú sósì. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin ilé: ẹni tó bá fẹ́ kí Màmá, kó rìn yí ká dé iwájú wọn ná. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ní Pobè, lódì kejì bodè ní Benin, pàápàá kì í sọ “bonjour” títí wọn yóò fi dé iwájú.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti bodè. Títílọpẹ́, àbígbẹ̀yìn wọn tó wà nílé ọkọ ní Pobè, tó máa ń wá ní gbogbo Sátidé, kò lè kọjá mọ́. Àárò rẹ̀ sọ Màmá gidigidi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé àga síwájú ilé, kí wọ́n kọjú sí ọ̀nà bodè. Bó bá di Sátidé, wọ́n á bu ẹ̀wà Títílọpẹ́ sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 2020, bodè ṣì wà ní títì, Títílọpẹ́ gba ọ̀nà oko wá. Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, ẹ̀yìn Màmá ló sì yọ sí. Oṣù mẹ́rìnlá ni kò fi rí ìyá rẹ̀. Ayọ̀ mú un gbàgbé òfin ilé, ó pè wọ́n: “Màmá mi.” Màmá kò dúró fi ara yí. Ọrùn nìkan ni wọ́n yí, sósì, wọ́n sì ṣubú.

Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́ta sí i, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ Títílọpẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn ni pé, “Mo rí ẹ.” Ọmọ náà ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹbí ní kí a kọ ọ́ síbí pé kí ẹnikẹ́ni má bá a dá a lẹ́bi. Ọdún méjìléláàádọ́rin ni Màmá fi ṣọ́ ọrùn yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Gbọ́lá, Ọmọ́délé àti Títílọpẹ́, ọmọ-ọmọ méje, Kẹ́misọ́lá àti Ọlámipọ̀ wà nínú wọn, àti àbúrò wọn, Fẹ́yìsetán.

Màmá, a kò pè yín láti ẹ̀yìn lónìí. Títílọpẹ́ ló ṣáájú, a ti rìn yí ká dé iwájú yín, a sì ti kúnlẹ̀. Ẹ sùn re. Ẹ má bojú wẹ̀yìn mọ́.