Ohùn Tí Mo Fi Dù Yín Lóko

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Etí òkun ni mo wà tí mo dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi Rúùtù, ẹ kú làálàá. Ará Kabawa lápapọ̀, mo kí yín. Akọ̀wé kan ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti jáde. Ẹ wá ẹni tí yóò kà á sókè kí Bàbá gbọ́, kó má fo ibì kankan.

Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pé ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín nígbà tí ẹ gbọ́ iṣẹ́ mi, pé ẹ ní ẹni tó kọ̀ láti lé ẹyẹ fún bàbá rẹ̀ ló wá di ọmọ ọ̀dọ̀ ẹyẹ. Òótọ́ ni. Erékùṣù kékeré kan ni mo ti ń ṣọ́ ẹyẹ, ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹyẹ ibẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ. Igi kan kò sí. Bí òkun bá kún, ìdajì rẹ̀ á wọmi. Àwa mẹ́ta là ń ṣọ́ ọ, a kò sì gbọ́ èdè ara wa. Oòrùn ń jó wa, iyọ̀ ń la ètè wa. Wọ́n ní omi tó ń kọjá lẹ́yìn ilé wa ló ń ṣàn wá sínú òkun yìí. Mo máa ń wò ó títí.

Orí iyanrìn lásán ni àwọn ẹyẹ náà ń yé ẹyin sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n já wálẹ̀ rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹyẹ ṣe ń já lu ọkà bàbà wa gan-an. Bàbá, n kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ké igbe tí ẹ kọ́ mi lórí pẹpẹ tí a ń gùn lóko láti lé ẹyẹ, mo ṣí fìlà, mo ń fì í lókè orí bí kànnàkànnà tí ẹ fi ń sọ̀kò sí ẹyẹ. Gbogbo wọn fò, títí kan àwọn tó ń sàba. Kí wọ́n tó padà, alákàn ti jáde nínú ihò, wọ́n ti fọ́ ẹyin jẹ.

Ọ̀gá wa, òyìnbó kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, kò bá mi jà. Ó lóṣòó ti èèpo ẹyin, ó bi mí níbo ni mo ti kọ́ irú igbe yẹn. Mo ní lọ́dọ̀ bàbá mi ni. Ó ní bàbá mi á mọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

Lọ́dún tí ẹ ní ohùn yín kò jáde mọ́, pé kí n wá máa ké fún yín, mo ní a kò bí mi láti máa bá ẹyẹ jà. Ẹ ní bí mo bá sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ yẹn, kí n má gùn ún mọ́. Mo sọ̀kalẹ̀. Olóríkunkun ni yín, èmi náà sì jọ yín. Ohùn tí mo fi dù yín lóko, ibi tí wọn kò ti fẹ́ ẹ ni mo wá ná an sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ já bọ́ níbi tí ẹ ti ń tún pẹpẹ ṣe, orúnkún yín wú, síbẹ̀ ẹ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀gá ti fún mi láàyè. Màá dé kí ọkà bàbà tó yọ orí.

N kò ní kí ẹ ránṣẹ́ pé ẹ ti dárí jì mí; mo mọ̀ yín. Ẹ kàn fi kànnàkànnà yín kọ́ ara òpó pẹpẹ. Bí mo bá bá a níbẹ̀, màá gun pẹpẹ náà. Bí n kò bá bá a, màá dúró nílẹ̀ láàárín ọkà, màá máa ké.

Ọlọ́run á fi ara líle kún ọjọ́ yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti ìyá Núpé tó ń ta ẹja lẹ́nu ọ̀nà wa.

Èmi ọmọ yín tó sọ̀kalẹ̀,
Sámúẹ́lì