Ìlà Àárín Bẹ́ǹṣì

Bàbá mi, ẹ̀yin tí gbogbo Ẹgbẹ́dá ń pè ní Bàbá Fọ́tò,

Mi ò jókòó kọ lẹ́tà yìí láti tọrọ àforíjì. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ṣáájú, torí mo mọ̀ yín, ẹ ó ti máa wojú mi pé ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu. Mo kúnlẹ̀ tó nígbà tí ẹ wà láyé. Lónìí, orí àga yín ni mo wà, nínú sítúdíò yín, mo sì ń bínú sí yín. Ìbínú náà ti dín sí ti oṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀.

Sítúdíò ṣì ṣí. Àwọn ará àdúgbò ní kí n tì í, wọ́n ní fóònù ti pa iṣẹ́ onífọ́tò, kí n yáa sọ ṣọ́ọ̀bù di ibi tí wọ́n ti ń ta ìpara. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá tún bá mi sọ ọ́, a ó jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Fóònù ń ya fọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ fún arúgbó pé kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀? Tí ẹni tó fẹ́ ya páspọ́ọ̀tù bá wọlé, mo ṣì máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ kí n tó wo ojú rẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi, torí ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń fi hàn pé ẹ̀rù ń ba ènìyàn. Mo máa ń bi í léèrè ohun tó jẹ láàárọ̀. Bó bá ti ń ronú kan ẹ̀wà, ojú rẹ̀ á rọ̀.

Gbogbo ẹ̀kọ́ yín kọ́ ni mo gbà, ṣá. Ẹ ní ká máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mi ò kà á mọ́, torí bó bá ti ku ẹ̀ta ni gbogbo ojú máa ń le. Ẹ ní kí ọmọdé gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ wọn ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Èyí tí mo dì mú ṣinṣin ni ti àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun. Aṣọ wọn máa ń tan kámẹ́rà jẹ, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá sọ ojú ènìyàn di dúdú. Ojú ni kí a wọn ìmọ́lẹ̀ sí, kí aṣọ máa ṣe tirẹ̀ lọ, kí a sì ta búláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ sẹ́yìn wọn. Búláńkẹ́ẹ̀tì yín náà ṣì wà. Òórùn yín ò tíì kúrò lára rẹ̀, mi ò sì fẹ́ fọ̀ ọ́.

Ohun tó bí mi nínú rèé. Lẹ́yìn ìsìnkú yín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn nẹ́gẹ́tíìfù tí ẹ kó sínú agolo bisikíìtì. Agolo ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá nẹ́gẹ́tíìfù fọ́tò èmi àti Táyé, èyí tó wà lókè ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láti kékeré mi: ọmọ méjì lórí bẹ́ǹṣì kan, èmi Kẹ́yìndé lápá ọ̀tún, ìbejì mi lápá òsì, ó fi ọwọ́ kan di etí mú. Ẹ mọ bí mo ṣe fẹ́ràn fọ́tò yẹn tó. Nílé wa, ẹnikẹ́ni ò sọ pé Táyé kú. Ó lọ sọ́jà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tó lọ, ojú rẹ̀ tí mo mọ̀ ò sì ju ti inú fọ́tò náà lọ. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀. Mo máa ń ro ẹjọ́ yín fún un. Ní gbogbo àárọ̀ ìdánwò, òun ni mo máa ń dágbére fún gbẹ̀yìn kí n tó jáde.

Nẹ́gẹ́tíìfù méjì ni mo bá dípò ọ̀kan, ọmọ kan ṣoṣo ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé wọn sójú fèrèsé. Egbò kan náà wà lábẹ́ orúnkún òsì nínú méjèèjì, egbò tí àpá rẹ̀ wà lára mi títí dòní. Èmi ni lápá ọ̀tún. Èmi náà ni lápá òsì. Ẹ pààrọ̀ aṣọ fún mi, ẹ sún mi kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ wá tẹ méjèèjì sórí ìwé kan. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ àárín bẹ́ǹṣì, tí mo máa ń fi ìka tọ̀ lọ́mọdé, tí mo rò pé igi ló sán, ibẹ̀ ni ẹ ti so èmi mọ́ èmi.

Mo mọ̀ pé àwọn onífọ́tò àtijọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbejì tí èkejì rẹ̀ bá ti lọ. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi. Ẹ sọ ti gbogbo ayé fún mi, ẹ ò sọ tiwa. Mo lọ bi Màámi ní Ìṣẹ̀rí. Wọ́n ní, “Bàbá ẹ ni kó o lọ bi, ṣebí ọ̀rẹ́ ẹ ni.” Wọ́n sì bọ́ sí kíṣìnì. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo yí fọ́tò náà kojú sógiri, mo búra pé mi ò ní ya irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láé.

Ní oṣù tó kọjá ni obìnrin kan wá láti Ìgàndó, nínú aṣọ funfun ìjọ wọn, láìwọ bàtà, ó fa ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan lọ́wọ́. Àjọkẹ́ lorúkọ ọmọ náà. Ìbejì ni, èkejì rẹ̀ ti lọ sọ́jà láti ìgbà ọyẹ́. Fóònù tí fọ́tò àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀ bọ́ sómi. Onífọ́tò kan ti bá a fi kọ̀ǹpútà sọ ojú Àjọkẹ́ di méjì, ó sì fi iṣẹ́ náà hàn mí: ojú kan náà, ẹ̀rín kan náà, bí ẹni tó ń wo dígí.

“Àǹtí, ẹ wò ó, èyí kì í ṣe ọmọ mi,” ó ní. “Ìyá mi sọ pé bàbá yín mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ bá mi ṣe é, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo ní mi ò ṣe é. Kò bá mi jà. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kún fún eruku. Bàbá, àánú ṣe mí, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ ṣe. Ó fajú ro. Ó ní, “Ọmọdé nì yẹn jàre, ẹ fi súìtì tàn án.” Mo ní bí ọmọ ò bá ní mọ̀, kámẹ́rà ò ní jáde nínú báàgì. Ó gbà níkẹyìn.

Mo kọ́kọ́ ya Àjọkẹ́ bíi Àjọkẹ́, lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà mo lóṣòó níwájú rẹ̀, mo sọ fún un pé èkejì rẹ̀ ò lè wá mọ́, mo fẹ́ kó bá a jókòó sí àyè rẹ̀ kí ìyá wọn lè rí àwọn méjèèjì. Ẹkún ni mò ń retí. Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́n. Ó bọ́ sápá òsì, ó jókòó, ó tún dìde.

“Kì í jókòó báyìí,” ó ní.

Ó ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́ ìdí, ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣu ẹnu jọ, ó sì ranjú mọ́ mi. Kì í ṣe Àjọkẹ́ mọ́. Ìyá rẹ̀ pe orúkọ kan tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ látàárọ̀. Mo tẹ kámẹ́rà kíá kó tó di Àjọkẹ́ padà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tún gbé nẹ́gẹ́tíìfù tiwa sójú fèrèsé. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé Táyé ló di etí mú. Ohun tí mi ò bi ara mi rí ni pé, bó bá jẹ́ èmi ló jókòó síbẹ̀, ta ló ní kí n di etí mú? Ẹ̀yin kọ́, ẹ̀yin tí ẹ lè tún ọwọ́ ọmọ ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ẹ tó yà á. Nínú èkínní, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí orúnkún bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Nínú èkejì, mo di etí mú, ẹ ò sì tún un ṣe. Mo ti gbàgbé Táyé, Bàbá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo ṣì mọ̀ ọ́n. Ó ṣì wà lára mi, ẹ sì yà á kó tó kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ sọ ohun tí à ń ṣe fún mi? Ṣé èmi náà sọ fún yín pé kì í jókòó báyẹn? Ṣé ẹ sunkún lẹ́yìn kámẹ́rà?

Ẹ má rò pé mo ti dárí jì yín tán o. Ó yẹ kí ẹ sọ fún mi. Gbogbo àárọ̀ tí a jọ gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ láyè láti sọ ọ́. Ẹ ò lè sọ fún mi mọ́ pé ọmọdé ò lè gbé òtítọ́, torí Àjọkẹ́ gbé e, ó tún kọ́ èmi àgbà lẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, mo ti fi òfin tèmi kún tiyín. Fọ́tò tó bá jáde ní sítúdíò yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń kọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ sí, pẹ́ńsù rírọ̀ ni mo sì ń lò torí báírò máa ń yọ síwájú. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní mò ń ba fọ́tò jẹ́. Ẹ máa sọ ọ́ lọ, mi ò ní dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yìn ti Àjọkẹ́, mo kọ ọ́ pé ọmọ kan ló jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó fún ara rẹ̀, ó sì jókòó fún èkejì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kà á, ó gbé e mọ́ àyà, kò ní kí n pa á rẹ́.

Láàárọ̀ yìí mo sọ tiwa kalẹ̀, mo yọ ọ́ nínú férémù, mo kọ ohun kan náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kọ orúkọ yín sí i pẹ̀lú, pé ẹ̀yin lẹ yà á, torí ẹ ò kọ orúkọ yín sí fọ́tò kankan rí. Mo gbé e padà sókè ìlẹ̀kùn, lápá ìta lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìdímù lè rí wa láti ojú títì.

Mi ò ti ṣọ́ọ̀bù o, Bàbá, mi ò sì ní tì í.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tìbínú-tìbínú,
èmi Kẹ́yìndé,
mo sì bá Táyé fọwọ́ sí i.