Àbàtà Abà Ìyàndá àti Kòkòrò Tí Kò Lè Fò

Ojúlé Kẹrin, Ẹ̀yìn Ọjà,
Moniya,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Nímọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ààwẹ̀ o, ìwọ àti bàbá Safwan. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣé ara rẹ ti mókun? Ikọ́ tó ń yọ Safwan lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Mo gba lẹ́tà rẹ. O ní kí n sọ ibi tí mo bá kòkòrò mi dé. Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́, èmi gan-an ni mo sì bà á jẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé kòkòrò náà fún ọ, nítorí o ò rí i rí. Ìbátan yímíyímí ni, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pupa díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ wọnú omi, á kó afẹ́fẹ́ díẹ̀ sábẹ́ èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Òun ló fi ń mí títí yóò fi jáde. Ewé ògùrọ̀ tó ti jẹrà létí omi ló ń jẹ, abẹ́ rẹ̀ náà ló ń yé ẹyin sí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ èèpo yẹn tí wọ́n fi ń fò. Tirẹ̀ ti kúrú, kò wúlò mọ́. Bí omi bá gbẹ, kò lè fò lọ síbòmíràn. Àbàtà mọ́kànlá ni mo ti wá a dé láàárín Ìrókò àti Moniya. Inú ti Abà Ìyàndá nìkan ni mo ti rí i.

Ní oṣù Kọkànlá, mo ri èèkàn méjìlá mọ́ àbàtà náà kí n má baà ṣi ojú ibi tí mo ti ń bu omi wò. Mo fi ọ̀dà pupa kun orí wọn, mo sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Mo ti ṣàlàyé fún Bàbá Yésúfù, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, pé kòkòrò ni mò ń wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Lẹ́yìn náà ni ibi iṣẹ́ rán mi lọ sí Kano fún oṣù mẹ́ta.

Ta ló rí èèkàn olórí pupa lágbègbè wa tí kò mọ ohun tó ń bọ̀? Wọ́n gbà pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ ni. Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní kó tó di pé ìjọba gbà á lọ́wọ́ àwọn, kí àwọn tètè tà á. Nígbà tí mo dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, típà ẹni tó rà á ti da yẹ̀pẹ̀ pupa bo gbogbo rẹ̀. Igi ògùrọ̀ kan kò sí lórí ìró.

Inú Bàbá Yésúfù dùn láti rí mi. "Dókítà oníkòkòrò, ẹ káàbọ̀! Díẹ̀ ló kù kí ìjọba gba ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́ o!"

Mo ní, "Bàbá, ṣebí mo sọ fún yín pé kòkòrò ni."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ní ń ri èèkàn nítorí kòkòrò? A ní ẹ kàn ń fi bojú ni."

Ìyàwó wọn, Ìyá Kifayah, tó ń yan gàrí nítòsí, dá sí i: "Kòkòrò lẹ̀ ń wá? Ó kún inú ẹ̀wà mi. Ẹ wá ṣà á!" Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má baà sunkún.

Bàbá wá wọlé, wọ́n gbé èèkàn méjèèjìlá jáde. Wọ́n ti fọ ẹrẹ̀ ara wọn, wọ́n fi okùn dì wọ́n. Wọ́n ní irinṣẹ́ ẹni kì í ṣe ohun tí à ń sọ nù. Nímọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá wọn jà? Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, àmọ́ èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ rẹ̀. N kò mú wọn wọnú àbàtà rí kí n fi kòkòrò náà hàn wọ́n.

Gọ́tà kan ṣẹ́kù létí ọ̀nà, tí omi àbàtà náà ṣàn sí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fi asẹ́ sẹ́ omi inú rẹ̀. Mo rí mẹ́ta láàyè, mo sì kó wọn sínú abọ́ pẹ̀lú ewé jíjẹrà. Ọkàn mi fẹ́ fúyẹ́, títí mo fi wò wọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan kékeré tóbi. Akọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gọ́tà náà sì ti gbẹ báyìí. Mo ṣì ń pààrọ̀ omi wọn láràárọ̀.

Bá mi kí bàbá Safwan, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ kí màmá rẹ. Má wulẹ̀ kọ̀wé sí mi pé yóò dára. Ọ̀rọ̀ ilé rẹ ni kí o fi ránṣẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Adébùsọ́lá.