Ọkọ Mi Ló Bá Wọn Ta Sinimá Wa

Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ọkọ mi ló dà mí, mi ò sì tíì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni...

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní sinimá kan níbí ní Ìkòròdú, hall mẹ́ta ló ní. Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ń tà kí Màmá, ẹni tó ni ibẹ̀, tó wá sọ mí di manager. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, mo mú wọn bí ìyá tó bí mi. Nígbà yẹn, tó bá di ọdún Iléyá, àwọn èèyàn á tò dé títì. Ìgbà tó yá, kálukú ń wo fíìmù lórí fóònù, mall tuntun tún ṣí, hall méjì kú, òjò ń jò sórí àga. Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ èèyàn méjì péré la fi fíìmù hàn, ọ̀kan ń sùn.

Èmi ni mo ní ká máa fi fíìmù Yorùbá hàn lọ́sàn-án Wednesday. Mo lọ Ìjẹ̀dẹ́, mo lọ Ìbẹ̀ṣẹ̀, mo ń bẹ àwọn ìyá ẹlẹ́ja tí wọn ò wọ sinimá rí. Wọ́n wá o... wọ́n á máa bá ẹni inú fíìmù sọ̀rọ̀ pé kó má jẹ oúnjẹ yẹn, májèlé wà níbẹ̀. Hall kejì ṣí padà. Wọ́n pè mí síṣẹ́ ní Lekki, mi ò lọ, torí Màmá ṣèlérí pé àwọn ò ní tà á láéláé. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà fẹ́ lọ, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró.

Àfi bí mo ṣe débi iṣẹ́ láàárọ̀ Monday kan, tí mo bá àwọn ọkùnrin tó ń tú àga. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ti ra ilé náà, ẹrù làwọn máa kó síbẹ̀. Mo pe Màmá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bínú. Ṣé ọkọ ẹ ò tíì sọ fún ẹ ni?"

Ọkọ mi, tó ń ṣe agent ilé, òun ló wá ẹni tó rà á. Oṣù mẹ́jọ ló fi mọ̀... oṣù mẹ́jọ tí mo fi ń sọ fún un nídìí oúnjẹ bí màá ṣe ṣí hall kẹta, ó tiẹ̀ bá mi yan ọ̀dà tá a máa fi kùn ún. Mo bi í, ó ní tí mo bá mọ̀, ṣebí màá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ṣé ìdáhùn nìyẹn? Ṣé bí ọkọ ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ní báyìí Màmá fẹ́ ṣí sinimá kékeré kan sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní kí n wá bójú tó o. Ọkọ mi ní kí n gbà.

Ohun tó ń pa mí nìyí... àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà yẹn ò mọ̀ pé ọkọ mi ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ṣì ń wá kí mi kú ìrọ́jú. Sister Kẹ́mi, tó ń ta gúgúrú wa, wá lọ́jọ́ Sunday, kò tíì ríṣẹ́ látìgbà yẹn. Ọkọ mi gbé omi tútù fún un, ó gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà. Sister Kẹ́mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wò wọ́n.

Ẹ̀yin àgbà, tí mo bá sọ, mo ti tú àṣírí ọkọ mi síta. Tí mi ò bá sọ, ṣé kì í ṣe èmi àti òun la jọ dà wọ́n báyìí? Ṣé kí n lọ Ẹ̀pẹ́? Ṣé kí n kó jáde nílé ẹ̀? Sister Kẹ́mi ní òun tún ń bọ̀ lọ́la... kí ni kí n sọ fún un?