Oko Ti Lọ, Ilé Ṣófo

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Mọgàríbì

Inú ń bí mi gan-an. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti ta oko ẹbí wa ní Ọ̀fàtẹ̀dó fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Katakata ti hú gbogbo igi kòkó, ó ti tẹ ebè iṣu pẹrẹsẹ. Kò sọ́nà níbẹ̀, kò sómi, kò síná.

Mo lọ bá wọn nílé, mo ní, "Bàbá Kékeré, ṣebí ilé wa wà láàárín Òṣogbo níbí, tí wọ́n ti yàrá rẹ̀ pa látọjọ́ pípẹ́ wá. Ẹ jẹ́ ká tún un kọ́, káwọn ọmọ yín máa gbébẹ̀."

Wọ́n wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ ti dàrú. "Ilé tá a sin baba wa sí? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Ó dáa náà. Kí òkú máa gbé àárín ìlú, kí alààyè máa gun ọ̀kadà lọ kọ́lé sínú oko!

Mo dìde, mo ń lọ. Wọ́n pè mí padà. Mo rò pé wọ́n fẹ́ tù mí nínú ni.

"Tó o bá tún ń bọ̀, bá mi ra iṣu dání. Iṣu ti wọ́n jù níbí."