Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àga Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, 8 Máàṣì 1993
Gíláàsì—olùkọ́ wa tí kì í bọ́ gíláàsì ojú—tún ti gbé tirẹ̀ dé. Mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa fi Yorùbá sọ ibi tí nǹkan wà. Kò tó o. Ó ní kí àgbàlagbà tí kò rí kọ̀ǹpútà rí fi ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà bá sọ wá nǹkan mẹ́ta nínú yàrá. Ọjọ́ Ẹtì yìí. Tí kò bá rí wọn, mi ò ní í gboyè ní Júùnù. Màmá mi ni mo dárúkọ. Ta ni mo tún ní?

Ìṣẹ́gun, 9
Mo fi tépù wọn gbogbo yàrá ìránṣọ Màmá nílé wa ní Dichemso, nílẹ̀ àwọn elédè Twi—tábìlì, fèrèsé, ẹ̀rọ. Wọ́n fi Twi bi mí pé kí ló dé: "Adɛn? Ṣé o fẹ́ ta ilé ni, Àyọ̀kẹ́?"

Ọjọ́rú, 10
"Sísọ́ọ̀sì wà lórí tábìlì, lápá ọ̀tún ẹ̀rọ." Kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́! Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ èrò trotro.

Ọjọ́bọ̀, 11
Wàhálà. A gbìyànjú ẹ̀ nílé. Mo ka ohun tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ sórí bébà: "Agolo bọ́tìnnì wà láàárín fèrèsé àti ẹ̀rọ." Màmá lọ sídìí fèrèsé, wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Ṣebí ẹ̀gbẹ́ àga bàbá ẹ ni. Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo jókòó. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń rán mi níṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga yẹn, mo sì ń lọ tààrà. Kò sí àga níbẹ̀. 1969 ni wọ́n tà á, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ yìí ní kí àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Bàbá gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Oyún mi ò jẹ́ kí Màmá lè bá a lọ. Kò padà wá.

Mo ní kí wọ́n fi bí àga náà ṣe fẹ̀ tó hàn mí. Wọn ò tilẹ̀ ronú. Wọ́n la ọwọ́, mo wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré padà sí yunifásítì, mo kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù ń bà mí ṣá—nǹkan tí kò sí ni mo fẹ́ fi gboyè.

Ẹtì, 12
Gíláàsì wá sílé wa, Màmá sì rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kíákíá. Gíláàsì, tí kò gbọ́ Yorùbá, ní kí n túmọ̀ ohun tí mo kà. Mo túmọ̀ ọ́, títí kan ẹ̀gbẹ́ àga bàbá mi. Ó ní, àga wo? Ó ní irọ́ ni kọ̀ǹpútà mi ń pa, òun ò lè fọwọ́ sí i. Màmá fi Twi dá a lóhùn pé òun Gíláàsì gan-an ló ti dúró lé àga náà látìgbà tó ti wọlé. Ọ̀gbẹ́ni fò sẹ́yìn, ó ní ẹ jọ̀ọ́. Ó wo ilẹ̀ títí. Ó fọwọ́ síwèé. Mo yege.

Nígbà tó lọ tán, Màmá mú bébà náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní ṣé kọ̀ǹpútà yìí lè sọ ibi tí bàbá mi wà báyìí. Mo ní ohun tí mo bá fọwọ́ ara mi wọ̀n nìkan ló mọ̀. Wọ́n ní kí n mú bírò. Wọ́n wá ń ka àdírẹ́sì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún mi, agboolé, nọ́ńbà ilé, gbogbo ẹ̀, láì dánu dúró. Ọdún mẹ́tàlélógún, mi ò mọ̀ pé wọ́n ní in lórí.