Oògùn tí mo dà sínú ìgò Màmá

Bọ̀dá Ishaq,

Ẹ kú ìfaradà òtútù. Gbogbo agbo ilé ní Bẹ́yẹrunkà ń kí yín, ẹ̀yin àti ìyàwó yín àtàwọn ọmọ.

Màmá ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ló tún gbéra, nítorí àwọn onínṣọ́ránsì fi oògùn olówó pọ́ọ́kú rọ́pò èyí tí dókítà kọ. Dókítà ò mọ̀. Ẹni tó ń ta oògùn ní Òkè Bọ́lá mọ̀. Èmi náà mọ̀, torí èmi ni mo fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ rẹ̀ pé mo gbà á, kí n lè tètè kúrò níbẹ̀.

Mo wá da oògùn náà sínú ìgò oògùn ti tẹ́lẹ̀, kí Màmá má baà máa bi mí léèrè. Wọ́n tọ́ ọ wò. “Mujeebat, eléyìí ò korò tó ti tẹ́lẹ̀.”

“Ẹ gbé e mì jàre, Màmá, mo ti pẹ́.”

Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n gbé e mì.

Ara wọn ti ń balẹ̀. Lónìí ni màá jẹ́wọ́ fún wọn. Mo ra ojúlówó oògùn tó máa tó wọn di Sátidé. Orúkọ yín ló wà lọ́dọ̀ onínṣọ́ránsì, wọn ò gbọ́ tèmi. Ọlọ́hun á ṣọ́ yín. Ẹ kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n má pààrọ̀ oògùn Màmá mọ́ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Kó dé ọ̀dọ̀ wọn kí a tó kírun Jímọ̀.

Mujeebat